Dò-Rè-Mí Inú Àtẹ́lẹwọ́

Bánà náà fẹ̀ ju iwájú ilé tí wọ́n so ó mọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, olùkọ́ ìṣirò àti ọ̀gá kúáyà ìjọ Áńgílíkà kan ní ìlú Ọ̀yọ́, ló ṣe é, ó sì so ó sí ibi tí gbogbo ẹni tó bá ń ti Ọ̀wọ́dé bọ̀ ò ti ní ṣàìrí i. Tijésùnimí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló wà níbẹ̀, ó gbé fayolíìnì lé èjìká. Ẹni tó ṣe àwòrán náà ti fi kọ̀ǹpútà bó ojú ọmọ náà funfun débi pé ìyá rẹ̀ béèrè pé ọmọ ta nìyí. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: ỌMỌ Ọ̀YỌ́, ỌMỌ ỌDÚN MẸ́RÌNDÍNLÓGÚN, ÀRÀ FAYOLÍÌNÌ, YÓÒ FAKỌ YỌ PẸ̀LÚ Ọ̀KẸ́SÍRÀ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́. Bàbá rẹ̀ ti kọ "ní gbogbo Áfíríkà" mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ní kó fi Áfíríkà sílẹ̀, pé Áfíríkà tóbi.

Ìbẹ̀rù ni bánà yẹn fún Tijésùnimí. Tó bá ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, ìsàlẹ̀ ló máa ń wò títí tó fi máa kọjá. Ohun tí bánà náà ò sọ, tí èèyàn méjì péré sì mọ̀ láyé, ni pé Àrà Fayolíìnì kò lè ka ìwé orin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́ o. Ọmọ náà mọ fayolíìnì ta. Tí o bá kọ orin lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, kí o tó dé ẹnu géètì, ó ti fi okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá a padà fún ọ pẹ̀lú èlé. Ó sì mọ sọ́ọ̀fà, ìyẹn dò-rè-mí tí àwọn kúáyà wa ti ń lò láti ayé àwọn bàbá àgbà, tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà kọ: d, r, m, f, s. Ó ti ń ka ìyẹn kó tó mọ a-b-d. Sítááfù ni kò mọ̀: ìlà márùn-ún àwọn òyìnbó, tí àwọn nóòtì dúdú ń gùn sókè sódò lórí rẹ̀ bí èèrà lórí okùn aṣọ. Tó bá ti wò ó pẹ́, ṣe ni àwọn èèrà náà máa ń rìn.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwé orin á ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ní sítááfù. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, tó mọ sítááfù kà bí ẹni tó ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà, á jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, á tú gbogbo rẹ̀ sí sọ́ọ̀fà sínú ìwé ìkọ̀wé kan. Tijésùnimí á há a sórí. Ní ọjọ́ Sátidé, ìwé sọ́ọ̀fà á wà nílé lábẹ́ ibùsùn, sítááfù ló máa gbé lọ. Á gbé e lé orí irin tó wà níwájú rẹ̀, á fún ojú pọ̀, á sì máa tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń ka lẹ́tà láti ilé ẹjọ́.

"Dádì, tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ṣé wọ́n bi ọ́ ni?"

"Wọn ò bi mí, sà."

"Ṣé o wá rí i. Ẹni tí wọn ò bi, kò parọ́."

*

Ọ̀kẹ́sírà Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti ilé ìwé kankan. Àwọn ará ìlú ló kó ara wọn jọ: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ ìsìn, télọ̀ kan, akọ̀wé báńkì, nọ́ọ̀sì, àti afáà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú láàárọ̀ tó sì ń fọn fèrè nírọ̀lẹ́. Gbogbo Sátidé, ní aago mẹ́rin, wọ́n máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Tákíẹ́. Olùdarí wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti lo oṣù mẹ́sàn-án nílùú òyìnbó ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, kò sì tíì dé tán. Máẹ́sítírò ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ẹni tó bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, kò ní gbọ́. Tó o bá tún un pè, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni.

Òun ló kọ orin tí wọ́n fẹ́ ṣe, orin ńlá fún fayolíìnì kan àti tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan, tí gbogbo ọ̀kẹ́sírà á máa gbè lẹ́yìn. Ọmọdé méjì ló yàn láti dá ṣe é: Tijésùnimí láti Ọ̀yọ́, àti Saifudeen, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó kọ́ tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ olórin ilé ìwé rẹ̀. Saifudeen kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú rẹ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rù tó ń ba Tijésùnimí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ó ti rí ohun tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kejì ìgbáradì, bí wọ́n ṣe ń ta orin lọ́wọ́, Máẹ́sítírò rọra rìn lọ sẹ́yìn Àǹtí Dorcas. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí Dorcas, sẹ́lò ló ń ta, ìyẹn fayolíìnì ńlá tí wọ́n máa ń gbé sáàárín orúnkún. Máẹ́sítírò fa ìwé iwájú rẹ̀ yọ, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Lábẹ́ àwọn nóòtì, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wínníwínní: d, m, s.

"Kí lèyí?"

"Ìrántí ni, Máẹ́sítírò. Kí n má baà gbàgbé."

"Ìrántí! Ṣé a ń ṣe ìsìnkú ẹnì kan níbí ni?" Ó yíjú sí gbogbo wọn. "Ẹ gbọ́ o. Sọ́ọ̀fà dára fún àwọn màmá tó ń kọrin ní Sọ́ńdè. Ọ̀kẹ́sírà lèyí! Níbi tí mo ti kàwé, tó o bá mú sọ́ọ̀fà dé ẹnu ọ̀nà, ajá ni wọ́n máa dẹ sí ọ. Nọ́ọ̀sì, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Àǹtí Dorcas ju ọ̀gbẹ́ni náà lọ lọ́jọ́ orí. Ó gbé sẹ́lò rẹ̀ sínú àpò, ó fa síìpù àpò náà láti òkè délẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń gbọ́ ọ: ssssiiip. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó jáde. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Tijésùnimí náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun ni, ẹ̀rín ẹni tí kò tíì kàn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fa síìpù nítòsí rẹ̀, á yíjú kíá, á wo ẹni tó fà á.

Ohun tó burú jù ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ka báà, ìyẹn àwọn ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n pín orin sí. Láàárín ìgbáradì, Máẹ́sítírò lè dá gbogbo wọn dúró, á ní, "Láti báà kejìlélógójì!" Gbogbo ènìyàn á wo ìwé wọn, wọ́n á rí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Tijésùnimí ò mọ ibi tí báà kejìlélógójì wà tó ju bó ṣe mọ ibi tí òṣùpá ń sùn lọ. Á di ojú, á gbé ọ̀pá fayolíìnì sókè, á dúró, títí àwọn yòókù á fi ta nóòtì mẹ́ta mẹ́rin, nígbà náà ló máa wọlé. Bó ṣe ń dúró yẹn, àyà rẹ̀ á máa lù débi pé ó máa ń rò pé télọ̀ tó wà lápá òsì ń gbọ́ ọ.

Máẹ́sítírò kíyè sí i. Lọ́jọ́ kan, ó gbá ọ̀pá ìdarí rẹ̀ mọ́ irin.

"Ẹ dúró! Ṣé ẹ rí ọmọ yìí? Ṣé ẹ rí bó ṣe ń dúró kó tó wọlé?"

Tijésùnimí wo ẹnu ọ̀nà.

"Ó ń *gbọ́* ni! Ẹ̀yin kàn máa ń já wọ inú orin bí ẹni tó ń lé kẹ̀kẹ́. Olórin gidi nìyẹn. Ẹ kọ́ ọ lára rẹ̀."

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀kẹ́sírà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Gbogbo wọn á di ojú, wọ́n á máa gbọ́ ara wọn, kò sì sí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fi àṣà náà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Saifudeen ò di ojú. Nígbà tí wọ́n ń mu omi níta, ó wá dúró tì í.

"Ọmọ Ọ̀yọ́."

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ló dé?"

"Ojú ìwé kẹta yẹn. Kí ló dé tó o fi ṣí i nígbà tó o ṣí i?"

"Mo ti kà á tán ni."

"Ó ku ìlà méjì."

Omi há Tijésùnimí lọ́fun. "Èmi máa ń kà ṣíwájú."

Saifudeen wò ó. Ó fi eyín ya ọ̀rá omi tirẹ̀, ó mu ún tán, ó nu ẹnu. "Ó dáa o," ó wí. "Orí ẹ pé." Ó sì wọlé lọ.

Láti Tákíẹ́ títí dé Ọ̀wọ́dé lọ́jọ́ náà, Tijésùnimí ò gbọ́ ohun kan nínú gbogbo ẹjọ́ tí awakọ̀ ń rò nínú bọ́ọ̀sì. *Ó ku ìlà méjì* nìkan ló ń gbọ́.

*

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni kọ́ńsáàtì tí bánà ń kéde. Tijésùnimí ti dé láti aago méjìlá. Bàbá rẹ̀ á bá bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wá pẹ̀lú gbogbo kúáyà Ọ̀yọ́, ènìyàn méjìdínlógún, tí wọ́n fẹ́ fojú rí ohun tí bánà ṣe ìlérí.

Ní aago méjì, Máẹ́sítírò wọlé, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí inki rẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa. Ó ti wọ kóòtù onírù rẹ̀, dúdú, tó nípọn, nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́, òógùn sì ti ń ṣàn wá sí ọrùn rẹ̀.

"Ìmísí bà lé mi láàárọ̀ yìí," ó wí, "bí mo ṣe ń fá irùngbọ̀n. Mo ti yí ìparí orin padà. Ọ̀kẹ́sírà á dákẹ́. Tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì á dákẹ́. Fayolíìnì nìkan ni." Ó na ìwé náà sí Tijésùnimí. "Ìlà márùn-ún péré ni. Fún ẹni tó ń kàwé bíi tìẹ, kí lèyí jẹ́?"

"Ẹ ṣé, sà," Tijésùnimí wí. Ohùn rẹ̀ jáde bí ti ẹlòmíì.

Ó gbé ìwé náà lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, síbi táńkì omi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Èèrà dúdú kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó mọ́. Ó fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lórí wọ́sáàpù: *Dádì ẹ jọ̀ọ́ ó ti yí i padà ẹ tú u fún mi kíákíá.*

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gùn tó ọdún kan, ohùn bàbá rẹ̀ wọlé. Ariwo bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀, àti àwọn màmá kúáyà tó ń jiyàn lórí ẹ̀pà.

"Ìlà kìíní. Dò, mí, sọ̀, mí... ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra! ...là, sọ̀, fà, mí."

"Kí lẹ ń kọ, Ọ̀gá?" ohùn obìnrin kan béèrè.

"Àdúrà ni!"

Tijésùnimí fi etí mọ́ fóònù, ó ń kọ ọ́ sórí ẹ̀yìn ìwé náà. Ìlà kejì dé. Ìlà kẹta dé. Wọ́n ti ń sún mọ́ Odò Ọbà nígbà tí ìlà kẹrin dé, ó ń já lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Ó kọ ránṣẹ́: *Dádì ó ku ọ̀kan.* Àmì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìkejì ò jáde. Ó pè é. Obìnrin inú fóònù sọ fún un pé ẹni tó ń pè ò sí ní àrọ́wọ́tó. Ó pè lẹ́ẹ̀méje.

Aago mẹ́ta ti lù. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Ó ń rí i: òun nìkan láàárín pèpéle, gbogbo ọ̀kẹ́sírà ti dákẹ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ ń fi fóònù ya fídíò, ìlà kẹrin ti parí, ọ̀pá fayolíìnì wà lórí okùn, kò sì sí ibi tó ń lọ. Ó ń gbọ́ síìpù: ssssiiip. Ó rò ó pé kí òun ní inú ń run òun. Ó rò ó pé kí òun já okùn kan. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní ohun tó dáa jù ni kí òun lọ bá Máẹ́sítírò, kí òun jẹ́wọ́ níbi tí èèyàn ò sí, kó lé òun kí èrò tó dé.

*

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn pèpéle tí Máẹ́sítírò ti máa ń múra. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò pa dé. Tijésùnimí gbé ọwọ́ sókè láti kan án, ó sì gbọ́ pé ẹnì kan ń kọrin nínú, wúyẹ́wúyẹ́.

"Sọ̀, là, sọ̀..."

Ó yọjú. Máẹ́sítírò kọ ẹ̀yìn sí i. Ó dúró níwájú dígí, pẹ̀lú kóòtù onírù rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan darí ọ̀kẹ́sírà tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọwọ́ kejì mú ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò. Ó ti lò ó gbó. Kò sí ìlà márùn-ún nínú rẹ̀. Láti ibi ilẹ̀kùn, Tijésùnimí rí àwọn lẹ́tà náà kedere, bó ṣe máa rí ojú ìyá rẹ̀ láàárín èrò: d, r, m, s, pẹ̀lú àwọn àmì kéékèèké láàárín wọn.

Sọ́ọ̀fà ni.

Gbogbo ara rẹ̀ dúró, àyàfi etí rẹ̀. Nítorí ó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń kọ. Ìlà kìíní, ìlà kejì, ìlà kẹta, ìlà kẹrin, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan ìkarùn-ún. Bírò wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì Tijésùnimí. Kò sí ìwé, ó ti fi í sílẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù. Ó ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì bó ṣe ń jáde lẹ́nu Máẹ́sítírò. Ọmọ náà wá rántí akẹ́kọ̀ọ́ ìsìn kan nínú ọ̀kẹ́sírà, onígíláàsì tó nípọn, tí gbogbo wọn mọ̀ sí ẹni tó ń bá Máẹ́sítírò ṣe fọ́tókọ́pì. Fọ́tókọ́pì yẹn ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rí; àṣé ó ń tú u sí sítááfù ni.

Ilẹ̀kùn dún.

Máẹ́sítírò yíjú padà. Ìwé náà wọ abẹ́ kóòtù kíá. Wọ́n wo ara wọn.

"Láti ìgbà wo lo ti wà níbẹ̀?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, sà."

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Na ọwọ́ rẹ."

Ó rò pé ó fẹ́ na òun. Ó di ojú, ó sì nà án. Kò gbọ́ kí ọ̀pá balẹ̀. Nígbà tó la ojú, Máẹ́sítírò ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó wò ó pẹ́. Ó wo ilẹ̀kùn, ó sì tún wo àtẹ́lẹwọ́ náà, bí ẹni tó ń wá ibi tó máa gbà sá. Ìyanu ló jẹ́ fún ọmọ náà pé òun mọ ojú yẹn. Ojú yẹn gan-an ni òun máa ń rí nínú dígí bọ́ọ̀sì lọ́jọọjọ́ Sátidé.

Ọkùnrin náà mú bírò pupa jáde.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yìí," ó wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ, "kì í ṣe fà. Fí ni. Gbé e sókè díẹ̀. Tó o bá ta fà níbẹ̀, orin á kú." Ó fa ìlà sórí f, ó sì kọ fe, bí wọ́n ṣe ń kọ fí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìrù gígùn kan.

"Ẹ ṣé, sà."

"Èwo ni ẹ ṣé? A ò rí ara wa."

"A ò rí ara wa, sà."

*

Gbọ̀ngàn kún. Alága ọjọ́ náà ni Alhaja Hajarat, ọ̀gá àgbà ilé ìwé girama tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó síwájú pẹ̀lú báàgì ńlá kan lórí itan. Àwọn ará Ọ̀yọ́ wọlé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo wọn ń bẹ ènìyàn pé ẹ máa bínú, Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé sì ń fi ojú wá ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó na ìka márùn-ún sókè, ó ń mi orí: ìkarùn-ún ńkọ́? Ojú Tijésùnimí ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti rí ẹni tó jókòó sí ìlà kẹta: Àǹtí Dorcas, pẹ̀lú aṣọ funfun ibi iṣẹ́ rẹ̀, àpò rẹ̀ lórí ẹsẹ̀.

Orin bẹ̀rẹ̀. Apá àkọ́kọ́ lọ dáadáa, nítorí ìbẹ̀rù máa ń jẹ́ kí ọwọ́ Tijésùnimí yá. Saifudeen fọn tirẹ̀, ó mọ́ bí omi. Ọ̀kẹ́sírà gbè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku òun nìkan.

Ìlà kìíní. Ìlà kejì. Òógùn ń ṣàn láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àtẹ́lẹwọ́ òsì tó di ọrùn fayolíìnì mú: inki búlúù ti ń yọ́, s àti l ti di àbàwọ́n kan. Ìlà kẹta. Ó wo Máẹ́sítírò. Òógùn ti mú kọ́là rẹ̀ wó. Ìlà kẹrin. Búlúù ti lọ tán. Pupa nìkan ló kù. *Sọ̀, là, sọ̀...* Ó gbé ìka sókè, kò mọ̀ bóyá ó ga tó, ó sì rí i tí ẹnu Máẹ́sítírò là díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò lè rẹ́rìn-ín: *fí.*

Ó ta á. Fí ló jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí dò, ó sì dúró síbẹ̀.

Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn, wọ́n gbọ́ ọ lójú títì. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi àtẹ́wọ́ fún Máẹ́sítírò kí ẹ wò ó. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ẹ̀jẹ̀ fi padà sójú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀rọ ohùn.

"Alága wa, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì! Ìlà ìparí tí ẹ gbọ́ yẹn, aago méjì ọ̀sán òní ni ọmọ yìí kọ́kọ́ rí i. Ó kà á ní sítááfù, ó ta á! Nínú ọ̀kẹ́sírà tèmi, kò sí sọ́ọ̀fà, kò sí ẹ̀tàn! Ìwé yòówù tí ẹ bá gbé síwájú ọmọ yìí, á kà á bí ìwé ìròyìn!"

Alhaja Hajarat ti ń ṣí báàgì rẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́?" obìnrin náà wí. Ó mú ìwé kan jáde tó ti pọ́n, tí wọ́n ká sí mẹ́rin. "Orin ilé ìwé mi nìyí. Èmi ni mo kọ ọ́ nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kúrò, wọn ò kọ ọ́ mọ́, wọ́n ní ó gùn. Ọmọ dáadáa, bá mi kà á kí wọ́n gbọ́."

Sítááfù ni. Tijésùnimí gbà á. Àwọn èèrà ń rìn. Ó wo Máẹ́sítírò. Ọkùnrin náà ń wo imú bàtà rẹ̀.

"Gbé e wá síbí." Saifudeen ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò mì. "Màá ní kí n fi tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ṣí i. Tí mo bá fọn ìlà kan, wàá tẹ̀ lé e. Ṣebí bó o ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn."

"O ti mọ̀?"

"Láti oṣù kejì."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Kí ni màá sọ? Èmi, tí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ mi, mi ò lè fọn orin ọjọ́ ìbí. Ẹ̀rù ẹ ń bà mí."

Ó lè ṣe é. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó ti ń na ìwé náà sí i nígbà tó gbọ́ ọ láti ìlà kẹta, nínú ìdákẹ́jẹ́ gbọ̀ngàn: ssssiiip. Àǹtí Dorcas ló ń ṣí àpò, ó ń wá áńkáṣíìfù tó máa fi nu ojú. Omijé wà lójú rẹ̀. Orin náà ló mú un sunkún.

Ẹsẹ̀ Tijésùnimí gbé e dé ibi ẹ̀rọ ohùn kó tó rò ó.

"Ẹ máa bínú, mà. Mi ò lè ka sítááfù. Sọ́ọ̀fà ni mo ń kà. Bàbá mi ló máa ń tú u fún mi, ìlà yẹn náà, sọ́ọ̀fà ni mo fi ta á."

Fóònù Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé bọ́ sílẹ̀ nínú ìlà àwọn ará Ọ̀yọ́. Máẹ́sítírò ti gbé ọwọ́ lé àyà kóòtù rẹ̀, níbi tí nǹkan kan ti ga díẹ̀ bí ìwé ìkọ̀wé. Ó ń dúró de gbólóhùn tó kàn. Tijésùnimí mọ̀ pé ó ń dúró dè é. Gbólóhùn náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó gbóná.

Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè kọ ọ́ létí mi lẹ́ẹ̀kan, mà, màá ta á."

Alhaja Hajarat tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló jan ọwọ́ mọ́ báàgì. "Kí ló dé tó ò tètè sọ? Ṣé ẹ rò pé sítááfù ni mo fi kọ ọ́ ni? Sọ́ọ̀fà ni! Wọ́n ló yẹ kí n wá ẹni tó máa tú u sí ìlà òyìnbó, kó lè níyì. Láti ọjọ́ náà ni èmi gan-an ò ti lè kà á mọ́!"

Ó dìde, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì kọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Orin náà gùn lóòótọ́. Nígbà tó parí, Tijésùnimí ta á látòkè délẹ̀, àwọn ìyá kúáyà Ọ̀yọ́ sì ti ń fi dò-rè-mí gbè é kó tó dé àárín, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Nínú ọ̀kẹ́sírà, télọ̀ ń gbè. Akọ̀wé báńkì ń gbè. Afáà onífèrè ń wo àwọn tó jókòó tì í lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí, ẹ̀rín ń pa á.

Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, Máẹ́sítírò ti tún gba ẹ̀rọ ohùn.

"Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn nígbà gbogbo!" ó wí. "Sọ́ọ̀fà ni ìyá orin!"

*

Níta, níbi tí bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì dúró sí, Àǹtí Dorcas lọ bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́, Máẹ́sítírò. Àyè mi nídìí sẹ́lò ńkọ́?"

"Sátidé," ó wí, kò wo ojú rẹ̀. "Aago mẹ́rin. Ẹ má pẹ́ o, ẹ máa ń pẹ́."

Àǹtí Dorcas ò pẹ́ rí láyé rẹ̀. "Mo gbọ́, sà," ó wí.

Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé ti ń wá ẹni tó máa ṣe bánà tuntun. Ó ti ní ọ̀rọ̀ tó máa kọ síbẹ̀, sọ́ọ̀fà wà nínú rẹ̀, Áfíríkà sì ti padà. Ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fẹ́ gbọn ọ́n láti kí i kú oríire, ó sì rí àbàwọ́n pupa náà.

"Fe," ó kà á. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ náà sún mọ́ ojú. "Ìlà karùn-ún tí mi ò rí fi ránṣẹ́. Ìwọ kọ́ lo kọ èyí. Ẹni tó mọ sọ́ọ̀fà dénú ló ń fi ìrù sí i báyìí. Ọwọ́ ta ni?"

Tijésùnimí gbé ojú sókè. Máẹ́sítírò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní òdìkejì, ọwọ́ kan lórí àyà kóòtù, kò wọlé, kò lọ. Ó ti gbọ́ ìbéèrè náà. Àyà ọmọ náà já, bí ẹni pé àṣírí tirẹ̀ ló fẹ́ tú.

Ó ká ìka rẹ̀ pa dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Inki lásán ni, Dádì," ó wí. "Tí mo bá fọwọ́, á lọ."